Àgùnfọn Ojú Fèrèsé Ìyá Alákàrà

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ̀yin tèmi, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo. Ìyá Alákàrà ti ti Amẹ́ríkà dé. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ nínú agboolé wa, láti ojúde títí dé ìdí kànga, torí obìnrin náà kò tíì sọ àpótí ẹrù kalẹ̀ tó ti ń sọ fún dírẹ́bà tó gbé e dé pé ilé tí òun sùn sí lọ́hùn-ún, àgùnfọn ló ń jí òun láàárọ̀.

Àgùnfọn o! Ẹranko ọlọ́rùn gígùn tó ń jẹ ewé orí igi láì gun igi. Ó ní bí òun bá ti ṣí kọ́tìnnì báyìí, yóò ti dúró síbẹ̀, yóò máa wo òun lójú fèrèsé. Òun á ní, "O jí ire bí?" Àgùnfọn náà á mi orí. Ìyàwó Tísà ń gbọ́, ó ń ṣe "háà, háà." Ìyá Elélùbọ́ pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, n kì í ṣòfófó. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo máa ń fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní òfófó, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló kù.

Ibi tí Ìyá Alákàrà lọ, Walt Disney World ni, ibi eré ńlá kan lẹ́bàá ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Houston ló kó wọn lọ: òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn àgbà, àwọn ìbejì, àbígbẹ̀yìn, àti ìyá wọn tó ń din àkàrà ní Ìbàdàn láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ ti kọ́ ọ. Ẹ má bi mí léèrè iye tí wọ́n ná. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí.

Ohun tí màá sọ fún yín ni pé ọkùnrin náà mọ owó ṣọ́. Ní ibẹ̀, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san owó ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún mẹ́ta dé mẹ́sàn-án, á san ti ọmọdé. Ó pé mẹ́wàá, ó ti di àgbàlagbà lójú wọn, bó tilẹ̀ ń mu ọmú. Àbígbẹ̀yìn yìí fẹ́ pé ọdún mẹ́ta, ni bàbá rẹ̀ bá sáré ṣètò ìrìn àjò kí ọjọ́ ìbí tó kò wọ́n lójú. Òfin kankan ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, tí òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ pa ọmọ lórí pé ọdún mélòó ni ẹ, ọmọ na ìka mẹ́ta sókè. Ìyá rẹ̀ ti ń fi ọdún kẹta yẹn ṣèlérí kéèkì fún un láti oṣù tó kọjá! Orí ló yọ bàbá, ó ní ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ẹni tó ni gbogbo ibẹ̀. Eku ni. Mickey Mouse, eku tó jáde nínú sinimá lọ́dún 1928. Eku tí àwa ń ra oògùn fún lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fi gbohùngbohùn pariwo lójú pópó, òun làwọn kan ń wọ bàálù lọ kí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han Bàbá Ọ̀jẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìdílé eégún ni Bàbá. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní ta ni ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ eku yẹn? Mo ní òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé e kiri ni, tó ń tún ìlà ṣe, tó ń sọ fún àwọn ọmọ pé ó ti tó. "Atọ́kùn nìyẹn," Bàbá wí. Mo ní wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé rí i níbi tó ti ń bọ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í jẹ́ kí Mickey méjì pàdé níbì kan náà. Bàbá mi orí. Wọ́n ní eku wọ ẹ̀kú, kò burú, àwọn èèyàn náà mọ awo. Àléébù kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni pé kì í sábà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ará ọ̀run wo ló máa wá sáyé tí kò ní fi ohùn ìjímèrè kí àwọn ọmọ rẹ̀? Wọ́n bi mí bóyá mo lè bá àwọn kọ lẹ́tà sí wọn. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ó dáa. Àgùnfọn.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àgùnfọn, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tí mo fẹ́ràn, mi ò mọ̀ ọ́n rí o. Lọ́dún 1964 sí 1965, nígbà tí Walt Disney ń ra ilẹ̀ ibẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ni. Lọ́yà ló rán, àwọn alágbàtà ló rán, ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ oríṣiríṣi. Ọ̀kan ń jẹ́ Reedy Creek Ranch, bí ẹni pé màlúù ni wọ́n fẹ́ sìn. Àbàtà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn onílẹ̀ sì ń tà á, inú wọn ń dùn pé àwọn rí òmùgọ̀ mú. Bí ẹ bá pín gbogbo owó rẹ̀ dọ́gba, éékà kan kò ju nǹkan bíi 200 dọ́là lọ. Wọ́n rà á rà á, ó lé ní 27,000 éékà. Ìlú wá ń méfò: àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ bàálù ló ń bọ̀, àwọn kan ní ti mọ́tò ni.

Emily Bavar ló já a. Oníròyìn ni, ní ìwé ìròyìn Orlando Sentinel. Ó lọ sí California níbi tí Disneyland, ọgbà eré Disney tó wà níbẹ̀, ti ń ṣe ọdún kẹwàá, ó sì bi Walt Disney lójú ara rẹ̀: ṣé ẹ̀yin lẹ ń ra ilẹ̀ wa? Ọkùnrin náà sẹ́. Ṣùgbọ́n ó sẹ́ ẹ jù! Bó ṣe ń sẹ́ ẹ ló ń ka ojú ọjọ́ Florida fún un, ó ń sọ bí àlejò ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò ní í ra ẹja, kí ló ń tú ìgẹ̀rẹ̀ wò fún? Emily padà sílé, ó kọ ọ́. Kí oṣù kẹwàá ọdún 1965 tó parí, ìwé ìròyìn wọn ti gbé e pé Disney ni, gómìnà Haydon Burns náà sì ti jẹ́wọ́ fún ayé. Owó ilẹ̀ agbègbè náà fò lọ sókè. Obìnrin yẹn, ká ní ó gbé ní agboolé wa ni, ìdí kànga yìí làwa méjèèjì ì bá ti máa jókòó ní ìrọ̀lẹ́.

Walt fúnra rẹ̀ kò rí i parí. Oṣù Kejìlá ọdún 1966 ló kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ Roy, tó ti ń múra àtifẹ̀yìn tì, ló kó iṣẹ́ náà lérí. Ó ní wọn ò ní pe ibẹ̀ ní Disney World lásán, orúkọ àbúrò òun gbọ́dọ̀ wà níwájú. Wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Kí oṣù Kejìlá ọdún náà tó parí, Roy náà ti lọ. Ọmọ ìyá nìyẹn. Àwọn ọmọ ìyá kan wà nínú agboolé yìí tí wọ́n ti ń bára wọn ṣẹjọ́ lórí ilé oníyàrá mẹ́rin, mi ò dárúkọ wọn, yàrá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ni hòtẹ́ẹ̀lì ti wà nínú ọgbà náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Contemporary, rélùwéè tó ń rìn lórí irin kan ṣoṣo ló ń gba inú ilé kọjá. Ẹ jókòó, ẹ ń jẹun, ọkọ̀ ń kọjá lókè orí yín. Ibòmíràn ni wọ́n ti kọ́ àwọn yàrá rẹ̀, tàwọn ti ilé ìwẹ̀ àti wáyà iná, kí wọ́n tó fi kéréènì gbé wọn sókè, tí wọ́n ń kì wọ́n bọ inú férémù irin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ U.S. Steel ló ṣe é. Mo sọ èyí fún Bàbá Bíríkìlà, wọ́n ní irọ́ ni, pé yàrá kì í rìn. Mo ní ẹ wò ó lórí fóònù. Wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ta ni wọ́n wá fún ní owó bíríkìlà?"

Ibẹ̀ kò ní ẹ̀fọn púpọ̀, èyí tún yà mí lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ àbàtà ni. Wọ́n la omi sílẹ̀ kó máa ṣàn, wọn kì í jẹ́ kó dúró sójú kan, wọ́n ń fín oògùn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni adìẹ. Wọ́n to àgò adìẹ síbi kọ́lọ́fín kiri, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bí ẹ̀fọn tó ru àrùn bá jẹ wọn, ẹ̀jẹ̀ á sọ, wọ́n á sì mọ ibi tí wọ́n máa kọjú oògùn sí. Àwa ní adìẹ ní agboolé yìí, a ní ẹ̀fọn, a ní gọ́tà tí omi ti dúró sí láti ọdún Káńsílọ̀ tó kọjá. Kí ni adìẹ tiwa ń ṣe? Ó ń ya sórí àgbàdà Ìyá Alákàrà.

Ìyá Alákàrà! Ẹ ṣeun. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sùn sí ń jẹ́ Animal Kingdom Lodge. Lọ́dún 2001 ni wọ́n ṣí i. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ilé àwọn ará Áfíríkà ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ilé náà sì rọ̀gbà ká pápá gbalasa kan tí wọ́n da ẹranko sí: àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ògòǹgò, oríṣiríṣi ẹtu. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ní gbàgede àbáwọlé wọn, Ìyá Alákàrà ní òun rí eégún wa níbẹ̀, ó ga dé àjà, òun sì kúnlẹ̀ kí i. Mo ní kó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí. Kí n tó ya ẹnu, Ìyá Onípáàtì tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ti ké: "Ijele!" Ti àwọn Ìgbò ni. Ijele tòótọ́ ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16, òun sì ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú lọ́dún 2009. Ìyá Onípáàtì ní ní ìlú àwọn, kì í jáde bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀. Ó wá rí i tó dúró sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí àwọn ọmọ òyìnbó ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú áísìkiriìmù lọ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun bínú. Ó ra àkàrà, ó lọ.

Ọmọ-ọmọ Ìyá Alákàrà, ọmọbìnrin àgbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni. Òun ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n lè máa tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Nítorí ẹ̀kọ́ Yorùbá nìkan ni mo ṣe bi í, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ fún mi bí yàrá wọn ṣe rí, kó sì lo gbólóhùn tó gùn. Ọmọ ní yàrá méjì ni bàbá gbà, torí yàrá kan kò gba àwọn méjèèje. Mo ní àwọn ẹranko ńkọ́ lójú fèrèsé? Ọmọ ní, "Màmá, odò ìlúwẹ̀ẹ́ la rí lójú fèrèsé."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un gbọ́. Mo gbé e sétí Ìyàwó Tísà kí òun náà gbọ́.

Àṣírí ibẹ̀ rè é. Hòtẹ́ẹ̀lì kan náà ni, ṣùgbọ́n iye owó yàtọ̀ sí iye owó. Èyí tó kọjú sí pápá ẹranko ló wọ́n jù. Òmíràn kọjú sí odò ìlúwẹ̀ẹ́, òmíràn tún wà tó jẹ́ pé ọgbà tàbí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ máa rí. Ibùsùn ò yàtọ̀, ọṣẹ ò yàtọ̀. Ojú fèrèsé lẹ ń sanwó fún. Ọkùnrin tó sáré kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ṣé òun ló máa ra ojú fèrèsé fún yàrá méjì? Mi ò dá a lẹ́bi. Àti pé èyí tó wọ́n jù gan-an, àgùnfọn kò lè yọjú lójú fèrèsé ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti fi ọgbà àti kòtò tí kò hàn sí ojú dá wọn dúró. Wọ́n ń wò yín láti òkèèrè ni. Bó bá tún ṣú, wọ́n á kó ọ̀pọ̀ wọn wọlé.

Ibo ni Ìyá Alákàrà ti wá rí tirẹ̀? Ọmọ náà tún sọ fún mi. Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń pè ní Arusha Rock, ẹnikẹ́ni ló lè lọ dúró síbẹ̀ wo ẹranko, kò sẹ́ni tó ń béèrè nọ́ńbà yàrá. Ibẹ̀ ni ìyá wọn ń lọ ní ìdájí, torí ẹni tó ti ń jí lọ ata láti kékeré kò lè sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ró ìró, ó wé gèlè, ó ń kí ẹranko. Òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n kọ South Africa sí káàdì àyà rẹ̀ ń bá a dúró. Wọ́n máa ń kọ ibi tí olúkúlùkù ti wá sí i láyà. Ìyá rí Áfíríkà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ ọlọ́mọ sọ Yorùbá, ó ń bi í bóyá ẹ̀wà olóyin wà ní ọjà wọn. Òṣìṣẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè é ní Màmá. Mo gbọ́ pé ó sunkún nígbà tí wọ́n ń lọ. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn, obìnrin yìí ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àgùnfọn ojú fèrèsé ló ń sọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Ilé oúnjẹ kan wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì náà tó ń jẹ́ Boma, ẹ máa bù ú fúnra yín ni títí ikùn á fi kọ̀. Ìpápánu aládùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Zebra Domes, ó rí roboto, ó ní ìlà dúdú ìlà funfun. Díákónẹ́ẹ̀sì ni Ìyá Alákàrà, ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọn kì í tilẹ̀ gbóòórùn bíà. Ó jẹ ẹ̀kínní. Ó jẹ ẹ̀kejì. Mi ò ní sọ iye tó jẹ. Ọtí Amarula wà nínú rẹ̀! Ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ̀, kò sọ fún un, torí ó ń dùn mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ sọ. Pásítọ̀ wọn ń ka ìwé ìròyìn.

Ọmọ rẹ̀ ra rọ́bà ọrùn ọwọ́ kan fún un, MagicBand. Òun ni kọ́kọ́rọ́ yàrá, òun ni tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì lè ra nǹkan sórí àkáǹtì yàrá bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àṣírí. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń lò ó. Ìyá kò kọ́kọ́ gbà á, ó ní òun kì í so ìfúnpá tí òun ò mọ ẹni tó ṣe é. Ìgbà tó rí i pé ó ń ṣílẹ̀kùn ló gbà. Èmi ò fẹ́ràn nǹkan náà. Owó tí ẹ kò kà kúrò ní ìdí aṣọ, ẹ kò lè mọ̀ pé ó ti lọ. Ìyá tún ra kọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń bu ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí, ṣíìpù kéékèèké wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ á máa bù ú fún yín títí ọjọ́ tí ẹ máa kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, bó bá ti di ọjọ́ kejì, kò mọ̀ yín mọ́. Ògì ló fi ń mu báyìí. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́.

Mo sáà bi í. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní, "Ìyá Alákàrà, àgùnfọn tó ń jí yín yẹn, ṣé ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́?" Ó wò mí. Ó yí àkàrà lójú epo. Ó ní, "Ta ló lọ, èmi ni àbí ìwọ?" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, mi ò sì rí nǹkan sọ sí i. Àkàrà márùn-ún tí mo rà, mẹ́rin ló kì sínú bébà.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ mú yín lọ, ẹ gbọ́ tèmi. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀, owó ẹnu ọ̀nà ọgbà eré ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀kan wà nínú èkejì, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Ẹ ní kó gba yàrá ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wọn tó rọjú, àwọn tí wọ́n ń pè ní All-Star. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń ti ibẹ̀ lọ sí ọgbà eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ní, ẹ̀yin náà á sì tètè wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn tó ń ti ìta bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sùn sílé olówó gọbọi. Bó bá wá ku àgùnfọn, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti ọgbà Animal Kingdom lọ sí Lodge; awakọ̀ kò ní bi yín níbi tẹ́ ẹ sùn. Ẹ lọ sí ilé oúnjẹ Sanaa ní apá tí wọ́n ń pè ní Kidani Village, ẹ ní kí wọ́n gbé búrẹ́dì bí ti àwọn ará Íńdíà àti ọbẹ̀ kéékèèké rẹ̀ wá, ó lè tó ẹni méjì tàbí mẹ́ta jẹ. Ojú fèrèsé Sanaa kọjú sí pápá ẹranko tààrà. Ṣùgbọ́n tábìlì ibẹ̀ máa ń tètè kún, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ti gba ààyè sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.